Bọ́dì lẹ ń rà, ẹ kò ra ẹ́ńjìnnì: àlàyé fún ẹni tó fẹ́ ra MGB àkọ́kọ́ rẹ̀

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Kent, nílùú Ọba, pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí kí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí i! MGB, ti 1972, pupa fòò, èyí tó ń ṣí lórí. Wọ́n sítáàtì ẹ̀ fún mi, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ mọ́ lóhùn bíi tuntun."

"Abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀ ńkọ́?"

"Abẹ́ ilẹ̀kùn kẹ̀?"

Mo ní kó má tíì san kọ́bọ̀. (MGB ni spọ́ọ̀tì káà àtijọ́ kan tí ilé-iṣẹ́ MG ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.)

Mi ò dá a lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti ra mọ́tò nílé nìyẹn. Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sí Berger lọ wo Tòkunbọ̀ rí á rántí pé mẹkáníìkì ló bá wọn lọ, kì í ṣe pánẹ́lì-bítà. Mẹkáníìkì á ní kí wọ́n ṣí bónẹ́ẹ̀tì, á fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, á fi ìka méjì ra ọ́ìlì náà, á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, á gbé gíà síwájú sẹ́yìn. Bí ara mọ́tò bá họ díẹ̀, ta ni ìyẹn kàn? Kò ju iṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ lọ́dọ̀ pánẹ́lì-bítà. Ìdí ẹ́ńjìnnì àti gíà lowó wà.

Tó bá ti di MGB, àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn spọ́ọ̀tì káà tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1960 sí 1980, kí ẹ dojú ìṣirò yẹn dé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, mẹkáníìkì tó gbọ́ iṣẹ́ á sì tú u palẹ̀ láìla òógùn púpọ̀. Ara mọ́tò gan-an ló ń sọ èèyàn di onígbèsè.

Ìdí tí mo fi mú MGB ni pé òun ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kó sínú ọ̀rọ̀ yìí nílùú Ọba sábà máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Abingdon, nítòsí Oxford, ni wọ́n ti ń ṣe é, láti 1962 títí di oṣù kẹwàá ọdún 1980. Ó lé ní 500,000 tí wọ́n ṣe, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì wọkọ̀ òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Èyí tó ń ṣí lórí ni wọ́n ń pè ní roadster. Èyí tó ní òrùlé irin àti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ni GT. 1965 ló jáde, àwọn Pininfarina ti Ítálì ló sì bá wọn dá sí ìrísí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 1,798 cc kan náà ló wà nínú méjèèjì. Àwọn kan tún wà tí ẹ́ńjìnnì wọn tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, MGC àti GT V8, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìyẹn di ọdún mìíràn.

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa bá mi jà lẹ́yìn ọ̀la: MGB ò sáré. Agbára ẹṣin 95 ni wọ́n kọ sí ẹ́ńjìnnì náà lára nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé. Corolla tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé á fi í sílẹ̀ nídìí iná tráfíìkì. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó sínú rẹ̀ ná. Ilẹ̀ sún mọ́ ìdí yín, gíà kúkurú wà níbi tí ọwọ́ òsì yín ti fẹ́ kó wà, atẹ́gùn ń fẹ́ sí yín létí, ogójì máìlì ní wákàtí kan á sì máa ṣe yín bí ọgọ́rin. Ohun tí a ń sanwó fún nìyẹn.

Torí pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹ̀yà ara rẹ̀ tí ẹ ò ní rí rà ní tuntun. Láti 1988 ni ilé-iṣẹ́ British Motor Heritage ti ń tẹ odidi bọ́dì MGB tuntun jáde, bọ́dì tuntun fún mọ́tò tí wọ́n ti ṣíwọ́ rẹ̀ láti 1980! Àmọ́ ìkarahun lásán ni o: kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí ìjókòó, kò sí wáyà kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó ju £10,000 lọ. Ọ̀pọ̀ MGB tó ń rìn lójú títì lónìí ni odidi wọn ò tó iye yẹn. Tí ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ ti mọ ibi tí owó sá pamọ́ sí.

Irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn

MGA, tó ṣáájú MGB, ní sẹ́sì: irin gbọọrọ méjì nísàlẹ̀ tí gbogbo ẹrù wà lórí wọn. Bọ́dì kàn wà lórí sẹ́sì bí agbádá ṣe wà lórí bùbá ni. Ẹ bọ́ agbádá, ẹni náà ṣì wà lórí ìdúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ akẹ́rù ṣe rí títí dòní. Àwọn tó mọ Leyland tó ń to ọkọ̀ akẹ́rù ní Ìbàdàn láyé ọjọ́un á mọ ohun tí mò ń wí. (Ilé-iṣẹ́ British Leyland yẹn náà ni MG bọ́ sí abẹ́ rẹ̀ ní 1968, ayé ò fẹ̀ tó bí a ṣe rò.)

MGB ò ní sẹ́sì. Irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí wọ́n jó pọ̀ mọ́ra ni gbogbo rẹ̀, bí ìkarahun ìgbín. Ìkarahun ni ilé ìgbín, òun náà ni egungun rẹ̀. Tó bá fọ́, kò sí nǹkan mìíràn nínú tó máa gbé e dúró.

Nínú ìkarahun yìí, ibi tó ń ṣiṣẹ́ jù lọ ni irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, lọ́tùn-ún àti lósì, láti ẹ̀yìn táyà iwájú títí dé iwájú táyà ẹ̀yìn. Sill ni wọ́n ń pè é. Nínú roadster, tí kò ní òrùlé tó lè bá a gbé nínú ẹrù náà, sill méjèèjì yìí ni kò jẹ́ kí mọ́tò ká kò láàárín. Kì í sì í ṣe irin kan ṣoṣo. Irin mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n jó pọ̀ di àpótí gbọọrọ tí inú rẹ̀ ṣófo: ọ̀kan lóde tí gbogbo èèyàn ń rí, ọ̀kan tó dúró bí ògiri láàárín, ọ̀kan nínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí, àti èyí tó di ìsàlẹ̀ wọn pọ̀.

Inú tó ṣófo yẹn ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà òtútù, wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì nílùú Ọba kí yìnyín má bàa dì síbẹ̀. Táyà iwájú á ta omi iyọ̀ àti ẹrẹ̀ sẹ́yìn fẹ́ńdà, ẹrẹ̀ á dúró síbẹ̀, omi á rọra wọ inú àpótí náà, kò ní rí ọ̀nà jáde. Láti inú ni irin ti ń dógùn-ún bọ̀ wá síta. Ìgbà tí ẹ bá fi máa rí ìléròrò kékeré kan tó wú lábẹ́ ọ̀dà, inú ti jẹ tán. Iṣu tí kòkòrò ti wọ̀ ni: èèpo rẹ̀ ò ní àbùkù, ẹ bẹ ẹ́, ẹ bá dúdú.

Àwọn tó ń ta mọ́tò mọ èyí ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Ọgbọ́n tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n jó irin òde tuntun lé orí èyí tó ti jẹrà, kí wọ́n fi fílà, àmọ̀ tí pánẹ́lì-bítà fi ń dí ihò, dí àfo, kí wọ́n fín ọ̀dà dídán lé e. Ìta tuntun, inú òkú. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé wọ́n ti ṣe é fún mi rí. GT aláwọ̀ ewé ni mo kọ́kọ́ rà, mo sì fi tayọ̀tayọ̀ wà á fún oṣù mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ajórin kan pé kó bá mi dí ihò kan tí kò tó owó ẹyọ. Ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń gé irin, ó la sill náà, ó ti ìka bọ ibẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa bébà jáde. Ìwé ìròyìn ni. Òun ni wọ́n ká sínú àfo kí fílà lè rí ohun dì mọ́. Èsì bọ́ọ̀lù wà lára ojú ìwé tó tẹ́ sórí tábìlì fún mi, mo sì kà á tán kí n tó lè sọ̀rọ̀. Owó tí mo fi tún ọ̀tún àti òsì ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo fi ra mọ́tò náà. Ẹni tó tà á fún mi ti kó kúrò ládùúgbò.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Sátidé tí èmi àti àbúrò mi jọ lọ wo mọ́tò pupa rẹ̀, nǹkan mẹ́ta ló wà nínú báàgì mi: tọ́ọ̀ṣì, ẹní pẹlẹbẹ tí mo lè dùbúlẹ̀ lé, àti òòfà kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Mo fi aṣọ tín-ínrín wé òòfà náà kó má bàa ha ọ̀dà onílé, ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò náà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn táyà iwájú, mo ń gbé òòfà náà lọ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí irin bá wà, ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, á fà. Níbi tí fílà bá nípọn, ńṣe ló máa bọ́. Ó fà fún bí ẹsẹ̀ bàtà kan, lẹ́yìn náà ó bọ́ sílẹ̀ nínú òkúta wẹ́wẹ́. Mo mú un, mo tún gbé e síbẹ̀. Ó tún bọ́. Àbúrò mi ń wò mí.

Mo wá wo ilẹ̀kùn. Àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti fẹ́ńdà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó bá há lókè tó sì là nísàlẹ̀, tàbí tó ṣe òdì-kejì rẹ̀, àárín mọ́tò náà ti ń rọ̀. Tiẹ̀ há lókè. Mo bẹ onílé pé kó jẹ́ ká fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè níbi tí wọ́n ṣe fún jáàkì. Òun náà ò kọ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tí táyà kúrò nílẹ̀, mo ní kí àbúrò mi ṣí ilẹ̀kùn. Ó ṣí i, ó fẹ́ tì í padà, kò tì mọ́. Ètè ilẹ̀kùn ti gun fẹ́ńdà. Onílé ní gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Tí onílé bá kọ̀ kí ẹ gbé jáàkì sábẹ́ mọ́tò rẹ̀, tirẹ̀ ni, ó lẹ́tọ̀ọ́. Ẹ̀yin náà lẹ́tọ̀ọ́ láti máa lọ sílé.

Ìpẹtà ò mọ sí sill nìkan. Ẹ wo ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà iwájú, níbi tí ẹrẹ̀ ń dúró sí. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè kí ẹ wo ilẹ̀ mọ́tò. Ẹ wo ẹ̀yìn ìjókòó: ìdérí kan wà níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì ń gbé, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ni kì í ṣí i láàárín ọdún kan sí ìkejì, bẹ́ẹ̀ irin tí bátìrì jókòó sí ń jẹra lábẹ́ wọn. Títí di bí 1974, bátìrì kéékèèké méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì (volt) 6, ni wọ́n tò síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ di ẹyọ kan.

Ìwé mọ́tò, àti ohun tí "kò nílò MOT" túmọ̀ sí

Ibí yìí ló ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú jù, àwọn tó ń tajà sì ń jẹ níbẹ̀.

MOT ni àyẹ̀wò ọdọọdún tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dandan lé mọ́tò. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni wọ́n ti gbé e kúrò lọ́rùn mọ́tò tó bá ti lé ní 40 ọdún, tí wọn ò bá yí ẹ̀yà rẹ̀ tó ṣe kókó padà láàárín 30 ọdún sẹ́yìn. Gbogbo MGB ló ti kọjá ọjọ́ orí yẹn báyìí. Nígbà tí ẹni tó ń tajà bá wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "kò nílò MOT, kò nílò owó orí", òótọ́ ló sọ. Àmọ́ kò sọ pé mọ́tò náà dára. Ohun tó sọ ni pé ìjọba ò fi dandan lé e kí ẹnikẹ́ni wo abẹ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá tó bá sì bá yín nínú mọ́tò tó léwu ò ní bi yín ní ọjọ́ orí rẹ̀: owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £2,500, àmì mẹ́ta á sì wọ orí láísẹ́ńsì yín.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Ojú òpó ìjọba kan wà níbi tí ẹ ti lè tẹ nọ́ńbà mọ́tò wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ máa rí gbogbo MOT tó ṣe láti 2005: èyí tó yege, èyí tó fìdí rẹmi, iye máìlì tó wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àti ọ̀rọ̀ tí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kọ sílẹ̀. Ẹ kà á bí ẹní ka ìwé ìtàn. Bí wọ́n bá kọ "corrosion" (ìpẹtà) síbẹ̀ ní 2013, tí wọ́n tún kọ ọ́ ní 2015, tó wá yege ní 2017, tí ìwé sì dá dúró ní 2018, ẹ bi onílé pé ta ló jó irin náà, níbo, ẹ̀rí dà? Mọ́tò tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ dá dúró lọ́jọ́ tí òfin sọ pé ó lè dá dúró kì í ṣe mọ́tò burúkú dandan. Àmọ́ èyí tí olówó rẹ̀ ń gbé lọ ṣe MOT lọ́dọọdún láìsí pé ẹnikẹ́ni fi agbára mú un, ẹ bọ̀wọ̀ fún ẹni yẹn. Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó san owó, ẹ lè ní kí wọ́n gbé e lọ ṣe MOT lórí owó tiyín. Kò wọ́n, ó sì fi ojú kejì wo abẹ́ mọ́tò fún yín.

Owó orí ọkọ̀ náà bákan náà. Ọ̀fẹ́ ni fún mọ́tò tó ti pé 40 ọdún, àmọ́ ọ̀fẹ́ kọ́ ni kí ẹ jókòó sílé. Ẹ gbọ́dọ̀ fi í sí abẹ́ ẹ̀ka "historic", kí ẹ sì máa sọ ọ́ di ọ̀tun lọ́dọọdún bó tilẹ̀ jẹ́ pé òdo lowó rẹ̀. Ẹ̀ka yẹn náà ló ń yọ yín nínú owó ULEZ, tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mọ́tò tí èéfín rẹ̀ ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ ní London. Kò yọ yín nínú Congestion Charge, owó súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àárín ìgboro, o. Ọ̀rẹ́ mi kan fi lẹ́tà ìtanràn kọ́ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Ìwé tó ń jẹ́ V5C, tí àwa máa ń fojú pátíkúlà wò, kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni tó mú un lọ́wọ́ ló ni mọ́tò. Wọ́n kọ ọ́ sára ìwé náà fúnra rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni orúkọ ẹni tí ìjọba kọ sílẹ̀ pé mọ́tò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè rìsíìtì tí òun náà gbà nígbà tó rà á, kí ẹ san owó kékeré láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹnì kan ṣì ń jẹ gbèsè lórí rẹ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára mọ́tò náà gan-an, kì í ṣe ti pléètì, kó bá ti inú ìwé mu. Ti MGB ṣeé kà: G ni MG, H ni irú ẹ́ńjìnnì, N ni roadster, D ni GT, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni ìran tó jẹ́. GHN4, fún àpẹẹrẹ, roadster ni. Tí L tàbí U bá tẹ̀ lé e, tí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ sì wà lọ́tùn-ún báyìí, òkè òkun ló kọ́kọ́ lọ kí wọ́n tó gbé e padà wá. Ìyẹn ò burú rárá. Bọ́dì tó lo ogójì ọdún lábẹ́ oòrùn California lè le ju èyí tí ò kúrò ní Manchester rí. Ẹ kàn rí i dájú pé ẹni tó mọṣẹ́ ló gbé ìtọ́kọ̀ sọ́tùn-ún. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ sí i, British Motor Museum ní Gaydon lè fún yín ní ìwé ẹ̀rí láti inú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àwọ̀ tó jáde pẹ̀lú rẹ̀, orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí.

Kíróòmù tàbí rọ́bà

Títí di 1974, bọ́ńpà MGB jẹ́ kíróòmù dídán. Lẹ́yìn náà, nítorí òfin ààbò Amẹ́ríkà, wọ́n fi bọ́ńpà rọ́bà dúdú ńlá sí i níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n sì gbé gbogbo mọ́tò náà sókè ní nǹkan bí íńṣì kan sí íńṣì kan àbọ̀. Ó wá ń fì díẹ̀ tó bá ń yí kọ́nà, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ò sì tíì dárí ji wọ́n títí dòní.

Ìdí nìyẹn tí owó onírọ́bà fi rọjú. Tèmi ni pé ẹni tó ń rà á fún ìgbà àkọ́kọ́ yẹ kó lo àǹfààní yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe yẹn. Owó kan náà tó máa ra oníkíróòmù tí inú rẹ̀ ti jẹrà á ra onírọ́bà tí ara rẹ̀ le koko. Àwọn tó sì jáde lẹ́yìn 1976 ti ní àwọn irin tí kì í jẹ́ kó fì púpọ̀ mọ́. Ẹ ò ní rí bọ́ńpà náà tí ẹ bá ti jókòó sínú. Tó bá jẹ́ GT ni, ó tún sàn, torí òrùlé ń bá sill gbé ẹrù, owó rẹ̀ sì máa ń kéré sí ti roadster. Òjò ilẹ̀ yìí pẹ̀lú wà níbẹ̀, kí a má parọ́ fúnra wa.

Mo tún fẹ́ bẹ̀ yín: ẹ sá fún èyí tí wọ́n tú palẹ̀ sínú páálí, tí wọ́n ní "gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀". Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí tó ti wà ní gáréèjì fún ọdún mẹ́wàá láìrìn. Rọ́bà ti gbẹ, bíréèkì ti gan, epo ti di ọ̀dà nínú táǹkì. Mọ́tò tí wọ́n ń wà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló sàn.

Ẹ́ńjìnnì, ní ṣókí

Ẹ fọwọ́ kan bónẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kí onílé. Tó bá ti gbóná, ó ti sítáàtì rẹ̀ kí ẹ tó dé, ohun kan sì wà tí kò fẹ́ kí ẹ rí nígbà tó tutù. (Wọ́n ń ṣe é ní Berger náà, ẹ mọ̀ ọ́n.) Ní tútù, ẹ fa ṣóòkì, bọ́tìnnì tó ń fi epo kún ti ẹ́ńjìnnì tó tutù, jáde, ẹ sítáàtì rẹ̀, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn wo èéfín. Aláwọ̀ búlúù ni ọ́ìlì tó ń jó. Funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tó ti gbóná ni omi tó ń wọ ibi tí kò yẹ. Tí ohùn kan bá ń ta kékèké lókè, ẹ má fòyà, iṣẹ́ àtúntò kékeré ni. Tó bá ń kù bí ìlù gbẹ̀du láti ìsàlẹ̀, ìyẹn owó ni.

Géèjì ọ́ìlì wà níwájú yín. Lẹ́yìn tó bá ti gbóná, kó máa yí ká 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá ń rìn, kó má sọ̀kalẹ̀ kọjá 15 nígbà tó dúró. Á jo ọ́ìlì díẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn ló ń jò, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ó ní overdrive: ó dà bí gíà karùn-ún tí wọ́n ń fi bọ́tìnnì tan, òun ni kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ké lójú títì márosẹ̀. Tí kò bá ṣiṣẹ́, wáyà ló sábà máa ń fà á, kí ẹ má gbà kí wọ́n fi dẹ́rù bà yín. Tí táyà rẹ̀ bá jẹ́ oníwáyà, tó sì ń dún "kó" nígbà tí ẹ bá gbéra, eyín àárín rẹ̀ ti jẹ.

Ọ̀rọ̀ epo: MGB dàgbà sínú epo tó ní òjé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbé irú epo bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí 2000 tó wọlé. Ẹ bi onílé bóyá wọ́n ti yí orí ẹ́ńjìnnì padà sí èyí tó lè gba epo aláìlójèé. Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, oògùn inú ìgò kan wà tí wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ epo. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni epo lásán níbẹ̀ ti di E10, tí ọtí ẹ̀tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń jẹ rọ́bà àtijọ́, ó sì ń fa omi mọ́ra. E5, tó wà nídìí páńpù "super", ni kí ẹ máa rà, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì epo lóṣù àkọ́kọ́. Mọ́tò tó gbaná jẹ kì í tún dá padà. Lóṣù yẹn náà ni kí ẹ fi gírísì sí ìsopọ̀ táyà iwájú, lẹ́yìn náà kí ẹ máa ṣe é ní gbogbo 3,000 máìlì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbàgbé rẹ̀.

Inṣọ́ránsì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, torí owó rẹ̀ rọjú. Àwọn tó ń ṣe ti mọ́tò àtijọ́ á ní kí ẹ ní mọ́tò mìíràn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, kí ẹ má wà á kọjá iye máìlì kan lọ́dún. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye tí ẹ̀yin àti àwọn jọ fẹnu kò sí lórí mọ́tò náà sínú ìwé. Láìsí ìyẹn, ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á san owó mọ́tò ogbó fún yín.

Àbúrò mi fi èyí pupa sílẹ̀. Ó dùn ún, kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ibi tí a ti jẹun. Lọ́jọ́ Tuesday ó fi fọ́tò mìíràn ránṣẹ́: GT ti 1978, bọ́ńpà rọ́bà, àwọ̀ rẹ̀ bí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó sùn mọ́jú. Olówó rẹ̀ ń gbé e lọ ṣe MOT lọ́dọọdún, ti ọdún tó kọjá gan-an wà níbẹ̀, kò sì sí "corrosion" kankan láti ìgbà tí wọ́n jó sill rẹ̀. Ó tún fi fọ́tò mọ́kànlélógún ti iṣẹ́ ìjórin náà ránṣẹ́: sill tí wọ́n là sílẹ̀ gbayawu, irin àárín tuntun, kí wọ́n tó fi ti òde bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀ ẹ̀ burú o."

Mo ní kó bá mi béèrè bóyá Sátidé rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Mo ti kó tọ́ọ̀ṣì àti òòfà padà sínú báàgì.